Ọpọlọ ọmọ oṣù méje àti gìrì tí kò bá ibà wá

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé oṣù 7. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń rí nǹkan kan lára rẹ̀ tí kò yé mi. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, á ṣàdédé tẹ orí síwájú, apá rẹ̀ méjèèjì á ta síta, á ká orúnkún mọ́ ikùn. Kí n tó ní kí ló dé, ó ti tú u sílẹ̀. Láìpẹ́ á tún ṣe é. Ó lè tó ogún ìgbà léraléra, lẹ́yìn náà á bú sẹ́kún. Ara rẹ̀ kì í gbóná. Ẹni tó ni kẹ́mísì àdúgbò wa ní inú ló ń run ún. Ìyá ọkọ mi ní gìrì ni, wọ́n ti ń bá wa wá àgbo láti ilé. Hajiya tí a jọ wà nínú ọgbà rọra sọ fún mi pé farfaɗiya (wárápá) ni, kí n tètè wá málàmù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ṣe gìrì nígbà tó wà ní ọmọ ọdún kan, gìrì náà sì ti lọ. Ṣé torí pé ọpọlọ Tólú kò tíì gbó ni? Ṣé tó bá dàgbà á fi í sílẹ̀? Ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á? Ẹ dákun, ṣé ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́? Kò tún fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi mọ́ o, àmọ́ bóyá ehín ló ń yọ. Ìyá Tólú, Kubwa, Abuja.

Ìdáhùn

Ìyá Tólú, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà. Kí n tó la ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí: ẹ má dúró de àgbo tó ń bọ̀ láti ilé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ìsinsìnyí ni kí dókítà ọmọdé rí Tólú. Tó bá tún ṣe é lọ́la, ẹ gbé fóònù, kí ẹ ya fídíò rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, kí ojú rẹ̀ hàn, kí ẹ má pa á títí gbogbo rẹ̀ á fi tán. Ẹ fi fídíò yẹn pamọ́ dáadáa. Mo ti rí àwọn òbí tí wọ́n pa fídíò rẹ́ torí pé wọn kò fẹ́ máa wo ọmọ wọn bẹ́ẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń dunni, àmọ́ fídíò ìṣẹ́jú méjì lè gba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a ò bá fi máa méfò.

Gbólóhùn tí ẹ fi sí ìparí lẹ́tà yín, tí ẹ fẹ́ gbé jù sọ́rùn ehín, òun ló jọ mí lójú jù. Ọmọ tó ti ń rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò wá rẹ́rìn-ín mọ́, ehín kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ehín lè mú ọmọ kanra, ó lè mú un da itọ́. Kì í gba ohun tí ọmọ ti mọ̀ ọ́n ṣe lọ́wọ́ rẹ̀.

Àìgbó ọpọlọ wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan, torí kò sí ọmọ oṣù 7 tí ọpọlọ rẹ̀ ti gbó, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ṣe báyìí rí. Nígbà tí ẹ bí Tólú, ọpọlọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ti àgbàlagbà. Tó bá fi máa pé ọmọ ọdún kan, á ti di ìlọ́po méjì. Tó bá fi máa pé ọdún 2, ó ti ń lọ sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún tiyín. Kì í sì ṣe pé ó ń tóbi lásán. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń na ọwọ́ síra wọn, wọ́n ń so mọ́ra, wọ́n sì ń so mọ́ra ju bí ọmọ ṣe máa nílò rẹ̀ lọ. Ní apá ẹ̀yìn orí, níbi tí a fi ń mọ ohun tí ojú rí, àárín oṣù 4 sí oṣù 12 ni ìsopọ̀ wọ̀nyí pọ̀ dé góńgó. Lẹ́yìn ìyẹn, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe dànù. Ojú yín tí ọmọ ń wò, ohùn yín tó ń gbọ́, ṣíbí tó ń gbá mú, àwọn ni wọ́n ń sọ èyí tí yóò dúró nínú àwọn ìsopọ̀ náà àti èyí tí yóò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ibi yìí mú, torí a óò padà wá síbẹ̀ tí mo bá ń dáhùn pé bóyá ó lè ba ọpọlọ jẹ́.

Iná tín-ín-tín ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kẹ́míkà kan wà tó ń rú wọn sókè, òmíràn sì wà tó ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Gìrì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìrúsókè bá borí, tí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì sì tan iná lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lórí èmi àti ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní GABA. Nínú ọpọlọ ọmọ tuntun, nǹkan yàtọ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ọmọ tuntun kún fún èròjà iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní chloride, nítorí pé ohun tó ń fà á wọlé ti ń ṣiṣẹ́ gidi, nígbà tí èyí tó yẹ kó máa tú u síta ṣì ń sùn. Bí GABA bá ti wá ṣílẹ̀kùn, chloride tó yẹ kó wọlé láti mú kí sẹ́ẹ̀lì rọlẹ̀ á sáré jáde, sẹ́ẹ̀lì á sì tan iná. Ó dà bí ọkọ̀ tí mẹkáníìkì so bíréèkì rẹ̀ mọ́ tòtúù: dírẹ́bà ń tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ń sáré sí i. Ìyẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe, torí iná yẹn wà lára ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń dàgbà, tó sì fi ń so mọ́ra. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni gìrì ti ń ráyè wọlé. Ibẹ̀ sì ni phenobarbital, oògùn àtijọ́ tó dára, tó ń ti GABA lẹ́yìn, ti máa ń kọsẹ̀ lára ọmọ tuntun ju bó ṣe ń kọsẹ̀ lára àgbà lọ. Láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbí ni bíréèkì ń bọ́ sí àyè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá tilẹ̀ bọ́ síbẹ̀ tán, ọpọlọ ọmọ ọwọ́ ṣì wà ní ipò tí ìrúsókè fi pọ̀ ju ìparọ́rọ́ lọ, nítorí pé ohun tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní láti tètè tan iná.

Ohun kan tún kù. Okùn tí iná ń gbà láti apá kan ọpọlọ dé apá kejì máa ń ní ọ̀rá tó ń wé e, kí iná lè yára kọjá. Ọ̀rá yìí kò wé tán nígbà ìbí. Láti ẹ̀yìn orí ló ti ń bọ̀ wá síwájú, iwájú orí ló sì ń gbẹ̀yìn, ọmọ á ti lé lógún ọdún kó tó parí. Ìdí nìyí tí ọmọ ọjọ́ mẹ́ta tó ń ṣe gìrì kì í fi í gbọ̀n lódindi bí àgbà tó ní wárápá. Iná kò tíì rí ọ̀nà tó já gaara. Ẹ lè kàn rí i pé ẹnu rẹ̀ ń ṣe bíi pé ó ń mu ọyàn, nígbà tí kò sí ọyàn lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ lè yí sí ẹ̀gbẹ́ kan kó dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa wà bí ti oníkẹ̀kẹ́, tàbí kó dákẹ́ mímí, kí ètè rẹ̀ sì dúdú. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì pàápàá ló ti rí i tí wọ́n rò pé ọmọ ń ṣeré.

Nítorí náà, ọjọ́ orí ló ń pinnu bí gìrì ṣe máa rí. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí sábà máa ń wá látara pé ọmọ kò tètè ké, afẹ́fẹ́ kò sì tó o lórí, tàbí pé ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, tàbí pé kòkòrò àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín jọ ti ibà, èyí tó ń ṣe àwọn ọmọ láti oṣù 6 títí dé ọdún 5. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nínú ọmọ 100, ó ń ṣe bíi 2 sí 5. Bí kò bá kọjá ìṣẹ́jú 15, tó jẹ́ pé gbogbo ara ló gbọ̀n, tí kò tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì láàárín wákàtí 24, tí ọmọ sì jí tó ń ṣeré, kì í fi àmì sílẹ̀ sínú ọpọlọ, díẹ̀ kíún ló sì ń di wárápá lọ́la. Ó ti lọ lóòótọ́, bí ẹ ṣe wí. Àmọ́ àwa tí à ń gbé apá Àríwá níhìn-ín kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú gìrì ibà. Ibà ẹ̀fọn tó wọ orí ń bẹ, yírùnyírùn tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau sì ń jà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọmọ tí gìrì tán lára rẹ̀ tí kò jí dáadáa, tí àwújẹ̀ rẹ̀ wú, tí ọrùn rẹ̀ le, tàbí tí kò tíì pé oṣù 6, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lóru yẹn gan-an. Gìrì ibà mìíràn tún wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan, tó ń pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró, tó ń padà wá ṣáá, tó sì lè mú apá kan ara nìkan. Dókítà obìnrin ará Faransé kan, Charlotte Dravet, ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1978. Èyí kì í ṣe ti Tólú, mo kàn sọ ọ́ torí ẹlòmíràn tó lè máa kà á ni.

Ti Tólú, bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ó jọ èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 3 sí oṣù 12, tó sì pọ̀ jù láàárín oṣù 4 sí oṣù 7. Àwa dókítà ń pè é ní infantile spasms. Mo ní ó jọ ọ́, n kò tíì fojú rí ọmọ náà. Àmọ́ ohun mẹ́ta nínú lẹ́tà yín ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà tó bá jí ló ń ṣe é. Ó ń ṣe é léraléra, ìkan lẹ́yìn ìkan, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan sì ń wà láàárín wọn. Ìkẹta ni ẹ̀rín tó lọ yẹn. Inú rírun kì í pín ara rẹ̀ sí ìsúnkì ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan báyìí. Ọmọ tó kàn ta gìrì torí ilẹ̀kùn gbá, ẹ̀ẹ̀kan ló ń ta gìrì, ariwo ló sì ń fà á. Ó sì yẹ kí ìyẹn ti máa fi ọmọ sílẹ̀ bó bá ti ń lọ sí oṣù 5 tàbí 6.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín lẹ́bi pé ẹ kò tètè mọ̀. Lọ́dún 1841, dókítà ará Ìlú Ọba kan tó ń jẹ́ William James West kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ń kọ nípa rẹ̀. Ó ní ọmọ náà kọ́kọ́ ń mi orí síwájú fẹ́ẹ́rẹ́, nígbà tó yá ó wá ń tẹ̀ síwájú títí orí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, á nàró, á tún tẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà léra. Bàbá tó jẹ́ dókítà yìí lo eṣúṣú láti fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó fún un ní oògùn ìyàgbẹ́, ó fi nǹkan tútù sí i lórí, ó tilẹ̀ fi abẹ la èrìgì rẹ̀. Kò sí èyí tó ràn án. Ó wá kọ̀wé síta, ó ń béèrè bóyá ẹnì kan mọ ohun tó lè ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà dòní. Lọ́dún 1952 ni Frederic àti Erna Gibbs, tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà, fún àwòrán iná ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tó ń jẹ́ títí di báyìí, hypsarrhythmia. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé rẹ̀. Ìlà gíga gíga, tí kò bára mu, tó ń yọ láti ibi gbogbo lórí ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ètò, yálà ọmọ jí tàbí ó sùn.

Ìhín ni ìbéèrè yín nípa bíba ọpọlọ jẹ́ ti kan ilẹ̀. Ìsúnkì tí ẹ ń rí yẹn kéré sí ohun tí ẹ kò rí. Láàárín ìsúnkì kan àti èkejì, nígbà tí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́ lórí itan yín, ariwo náà ń lọ nínú orí rẹ̀. Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ọpọlọ rẹ̀ ń yan èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò gé nínú ìsopọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń rí àti ohun tó ń gbọ́. Tí ariwo bá gba gbogbo ibẹ̀, kò ní ráyè gbọ́ ohùn yín láti fi yan. Ìdí rèé tí ọmọ fi máa kọ́kọ́ dẹ́kun ẹ̀rín, tí kò ní máa fi ojú tẹ̀lé ènìyàn mọ́, tí ẹlòmíràn tó ti ń jókòó á padà máa wó lulẹ̀. Gìrì ibà ìṣẹ́jú márùn-ún kì í ṣe èyí fún ọmọ. Ó yàtọ̀ síra pátápátá, ibi tí wọ́n sì ti ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìṣáásùn kan náà lábẹ́ orúkọ gìrì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù oṣù tó yẹ kí wọ́n fi gba ìtọ́jú.

Ọ̀nà kejì sì wà tí ọmọ fi lè wà nínú ìṣòro, òun ni ohun tó fa gìrì gan-an. Ẹ rántí bí ìbí rẹ̀ ṣe lọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ṣé ó ké lójú ẹsẹ̀? Ṣé wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn? Ṣé ojú rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Jọ́ńdíìsì tó le, tí wọn kò tètè fi iná aláwọ̀ búlúù tọ́jú tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ń wọ inú ọpọlọ, ó sì ń pa ibẹ̀ lára. Ó pọ̀ nílẹ̀ wa torí pé àìtó èròjà G6PD wọ́pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wa, káńfọ̀ tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ ọmọ sì ń dá a sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. (Ẹ kó o kúrò nínú àpótí aṣọ, ẹni yòówù kó fi síbẹ̀.) Ẹ tún yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò nínú oòrùn àárọ̀, ẹ̀yìn, ikùn, ẹsẹ̀, bóyá ẹ máa rí àpá funfun tó gùn bí ewé, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn lè tọ́ka sí àìsàn kan tí a ń pè ní tuberous sclerosis, oògùn tí a ó kọ́kọ́ lò sì máa yàtọ̀. Ìgbà mìíràn, apá kan ọpọlọ ni kò tò dáadáa láti inú oyún, tàbí kó jẹ́ nǹkan tó wà nínú jíìnì. Ní ti àwọn kan, a wá a títí, a kò rí i. Àwọn tí a kò rí ohun tó fà á, tí wọ́n ti ń ṣe dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì tètè gba oògùn, àwọn ni nǹkan máa ń san fún jù.

Láti Kubwa, ẹ lè gba National Hospital lọ, tàbí ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Abuja ní Gwagwalada. Bí ilé ìwòsàn kékeré bá gba yín wọlé, ẹ fi fídíò hàn wọ́n, kí ẹ sọ ọ́ ní kedere pé: «A fẹ́ kí dókítà ọpọlọ ọmọdé wò ó, a sì fẹ́ EEG tó ní oorun àti jíjí nínú.» Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ wí, torí EEG (àyẹ̀wò iná ọpọlọ) ìṣẹ́jú 20 tí ọmọ fi sunkún jálẹ̀ kò ní sọ nǹkan kan fún wa. Lọ́jọ́ náà, ẹ fọ orí rẹ̀, ẹ má fi òróró tàbí ìpara sí i. Ẹ má jẹ́ kó sùn nínú ọkọ̀ tí ẹ bá ń lọ, àní bí gò-sílóò bá mú yín ní Wuse. Tí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ fún un lọ́yàn kó sùn. Wọ́n á lẹ okùn tín-ín-rín mọ́ orí rẹ̀. Kò ní dùn ún, kì í sì í fi iná sí ọmọ lára. Iná tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń ṣe ló ń gbà sílẹ̀. Wọ́n á tún wo ṣúgà àti kálísíọ́mù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ẹ ṣe MRI, ìyẹn àwòrán inú ọpọlọ, wọ́n sì lè fún un ní fítámì B6 láti dán an wò, torí àwọn ọmọ kan wà tí gìrì wọn kì í gbọ́ ti oògùn kankan àyàfi òun.

Tó bá jẹ́ infantile spasms lóòótọ́, oògùn tó ń dá a dúró kì í ṣe àwọn tí kẹ́mísì mọ̀ sí oògùn gìrì. Phenobarbital kì í sábà ràn án, carbamazepine sì lè mú un burú sí i. Abẹ́rẹ́ ACTH ni wọ́n ń lò lókè òkun, ó wọ́n, ó sì ṣòro láti rí níhìn-ín. Ohun tó ń mú inú mi dùn ni pé prednisolone oníhóró, tó wà ní gbogbo ilé oògùn, tí kò sì wọ́n, ń ṣe iṣẹ́ gidi tí dókítà bá fún ọmọ ní èyí tó pọ̀ tó. Àwọn dókítà ní Sri Lanka fi òun àti abẹ́rẹ́ náà wéra lára àwọn ọmọ, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015: oníhóró kò rẹ̀yìn rárá. Vigabatrin ni èkejì, òun ni a ń kọ́kọ́ ronú kàn tó bá jẹ́ tuberous sclerosis, a sì ń ṣọ́ ojú ọmọ nígbà tó bá ń lò ó torí ó lè dín ibi tí ojú ń rí kù. Prednisolone náà ní tirẹ̀: ó ń mú kí ọmọ máa jẹun kó sì máa kanra, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà sókè, ó sì ń sọ agbára ara láti bá àrùn jà di kékeré. Ẹ má ṣe rà á fúnra yín. Ẹ má sì dá a dúró lójijì, kódà bí ìsúnkì bá ti lọ, torí ara á ti gbàgbé bí yóò ṣe pèsè tirẹ̀. Dókítà á tún EEG ṣe ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ìsúnkì dín kù láti ogún sí márùn-ún kò tó wa. Ohun tí à ń wá ni kó tán, kí ariwo inú orí náà sì lọ.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ìfẹ́ ló ń mú wọn wá àgbo, ẹ má bá wọn jà. Ẹ sọ fún wọn pé dókítà ní kí ọmọ má fẹnu kan nǹkan míì títí àyẹ̀wò á fi parí. Àgbo gìrì tí wọ́n ń fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà àti ayù ṣe, láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀: ó ń fa ṣúgà ọmọ wálẹ̀, ó sì ń mú mímí rẹ̀ lọ́ra. Ọmọ tó ti ọwọ́ gìrì bọ́ lè ti ọwọ́ àgbo kú. Bí irú gìrì tí gbogbo ara ń gbọ̀n bá ṣe ọmọ kan lójú yín, ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ wo aago. Ṣíbí kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan iná, àdín tàbí kẹrosíìnì kò gbọ́dọ̀ kan ètè rẹ̀. Tó bá ti lé ní ìṣẹ́jú 5, ẹ gbéra.

Hajiya kò pẹ̀gàn yín. Farfaɗiya ni orúkọ tí wọ́n ń pe wárápá, kò sì jìnnà púpọ̀ sí òtítọ́. Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pé kí ẹ wá málàmù kí ẹ tó wá dókítà. Kí wọ́n gbàdúrà fún un, kò burú, bẹ́ẹ̀ náà ni wòlíì. Àmọ́ kò sí ẹ̀mí kan nínú rẹ̀, kì í sì í ranni, bẹ́ẹ̀ ni itọ́ ọmọ kò lè kó o ran ọmọ ẹlòmíràn. Bíi mílíọ̀nù 50 ènìyàn ló ní wárápá lágbàáyé, àjọ WHO sì ní tí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni gìrì lè fi sílẹ̀. Ní Kano, Kaduna àti Zaria, wọ́n ti dá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò lẹ́kọ̀ọ́ láti máa tọ́jú àwọn ọmọ tó ní wárápá ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí Hajiya fúnra rẹ̀ mọ ọmọ kan tí oògùn ti mú láradá. Ẹ bi í.

Ṣé tó bá dàgbà á fi í sílẹ̀? Ìsúnkì gan-an máa ń lọ bí ọmọ bá ti ń dàgbà, yálà a tọ́jú rẹ̀ tàbí a kò tọ́jú rẹ̀. Ìyẹn ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Wọ́n á ní ó ti tán, wọ́n á jó, wọ́n á yọ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọ kò sọ̀rọ̀, kò rìn, tàbí kó jẹ́ pé gìrì irú mìíràn ló rọ́pò èyí tó lọ. Bí ọpọlọ ọmọ ọwọ́ ṣe rọrùn fún gìrì, bẹ́ẹ̀ náà ló rọrùn fún un láti wá ọ̀nà míì gbà bí ibì kan bá bàjẹ́, láti fún apá mìíràn ní iṣẹ́ tí apá kan kò lè ṣe mọ́. Àgbàlagbà kò ní èyí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àsìkò ni, kì í dúró de ènìyàn, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ló níye lórí. N kò lè ṣèlérí fún yín pé gbogbo nǹkan yóò pé. Ohun tí mo lè sọ ni pé èmi àti ẹ̀yin kò ní ọ̀sẹ̀ kankan láti fi ṣòfò.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò fà á. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní Nàìjíríà, oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an sì ni àìsàn yìí máa ń jáde, òun ló fi ń dà bí pé ọ̀kan bí èkejì. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ náà ń ṣe é. Kí Tólú máa bá tirẹ̀ lọ, àmọ́ ohun kan wà níwájú: tó bá pé oṣù 9, wọ́n á fẹ́ fún un ní ti èèyi àti ti ibà pọ́njú, èyí tí wọ́n fi kòkòrò tó ṣì wà láàyè ṣe. Tó bá wà lórí prednisolone tó pọ̀ lákòókò náà, ó ní láti dúró díẹ̀. Ẹ mú ìwé oògùn rẹ̀ dání lọ sí ilé abẹ́rẹ́, kí ẹ fi han nọ́ọ̀sì kó tó ṣí ìgò, kí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sì kọ ọjọ́ tí yóò padà wá gbà á sínú káàdì rẹ̀.